Bí Okùn Ìlẹ̀kẹ̀ Bá Já: Ẹ̀kọ́ Iná Mànàmáná àti Èdè Abínibí ní Johannesburg

Àròyé kan ti pẹ́ ní ẹnu àwọn òṣèlú, àwọn òbí, àti àwọn ọ̀mọ̀wé kan pàápàá, nílẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ní èdè abínibí dára fún àlọ́, oríkì, orin àti àdúrà, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti sáyẹ́ǹsì, àfi kí ọmọ bọ́ èdè ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì bí ẹni bọ́ bàtà. Àpẹẹrẹ tí wọ́n sì fẹ́ràn jù ni iná mànàmáná. Wọ́n á béèrè pé ta ni yóò fi Yorùbá tàbí Zulu ṣàlàyé bí iná ṣe ń rìn nínú wáyà. Wọ́n á béèrè, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn kì í sì í dúró gbọ́ èsì. Èsì náà yẹ ní fífi ọwọ́ pàtàkì mú, nítorí pé ọjọ́ ọ̀la ọmọ ni ó wà nídìí rẹ̀. Ìlú tí ó sì tọ́ láti gbé e yẹ̀ wò ni Johannesburg. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ iléèwé ti ṣàn lórí ọ̀rọ̀ èdè ìkọ́ni. Ibẹ̀ náà ni iná mànàmáná ti jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ìjà àti ọ̀rọ̀ ikú lójoojúmọ́.

Kí àríyànjiyàn tó gbóná, ó dára kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tí àwọn kan ní kò ṣeé ṣe. Olùkọ́ kan to bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin, ó fi orí ọ̀kan ti ìdí èkejì. Ìkọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ fóltì 1.5; àpapọ̀ wọn di fóltì 6. Ó fa wáyà láti orí bátìrì àkọ́kọ́ lọ sí gílóòbù kékeré kan, ó fa òmíràn láti ibẹ̀ lọ sí gílóòbù kejì, ó sì fa ẹ̀kẹta láti gílóòbù kejì padà sí ìdí bátìrì tí ó kẹ́yìn. Gílóòbù méjèèjì tàn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà fún ìṣàn iná láti gbà, láti orí bátìrì, la gílóòbù méjèèjì kọjá, padà sí ìdí bátìrì. Bí obìnrin ṣe ń sín ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn kan náà ni wáyà ṣe sín àwọn gílóòbù náà. Kò sí ohun tí ó burú bí olùkọ́ bá pe irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ìyípo àsínpọ̀, kí ó sì pe èyí tí ọ̀nà rẹ̀ yà sí méjì tàbí mẹ́ta ní ìyípo ẹlẹ́ka. Bí okùn ìlẹ̀kẹ̀ bá já níbi kan, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ni yóò fọ́nká. Bí wọ́n bá yọ gílóòbù kan nínú ìyípo àsínpọ̀, gbogbo èyí tí ó kù ni yóò kú. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yẹn, ìyípo ẹlẹ́ka ni ó bá mu: bí ẹ̀ka kan bá dí, àwọn yòókù ṣì ń tàn. Ìdí nìyí tí iná inú ilé fi jẹ́ ìyípo ẹlẹ́ka, kí gílóòbù yàrá má baà kú nítorí pé ti ilé ìdáná jó. Ṣùgbọ́n súwíìṣì àti fíúùsì, ńṣe ni wọ́n ń sín wọn mọ́ ohun tí wọ́n ń ṣọ́, lójú ọ̀nà kan náà, kí ó lè jẹ́ pé bí fíúùsì bá jó, ìṣàn kò ní rí ibòmíràn gbà.

Ohun mẹ́ta ni ọmọ ní láti yà sọ́tọ̀. Èkíní ni ìṣàn, ìyẹn bí iná ṣe ń ṣàn tó nínú wáyà. Áńpíà ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Èkejì ni ìtì, ìyẹn ohun tí bátìrì fi ń ti ìṣàn náà lọ. Fóltì ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìdènà, ìyẹn bí ohun èlò kan ṣe ṣòro tó fún ìṣàn láti là kọjá. Óòmù ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Bí ìdènà ohun èlò kan bá jẹ́ óòmù 4, tí ti èkejì jẹ́ óòmù 8, àpapọ̀ wọn nínú ìyípo àsínpọ̀ jẹ́ óòmù 12. Bí wọ́n bá pín fóltì 6 sí ọ̀nà 12, ìṣàn tí ó jáde jẹ́ áńpíà 0.5. Áńpíà 0.5 yìí kan náà ni mítà yóò fi hàn kí ìṣàn tó dé ohun èlò àkọ́kọ́, láàrin méjèèjì, àti lẹ́yìn èkejì. Ìṣàn kò dín. Ìtì ni wọ́n pín láàrin ara wọn: fóltì 2 bọ́ sọ́wọ́ óòmù 4, fóltì 4 bọ́ sọ́wọ́ óòmù 8, àpapọ̀ ìpín méjèèjì sì padà di 6. Ẹni tí ìdènà rẹ̀ pọ̀ jù ni ìpín rẹ̀ pọ̀ jù. Òfin náà parí síbẹ̀, kò sì sí ohun tí ọmọ ọdún mẹ́tàlá yóò pàdánù nínú rẹ̀ nítorí pé Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́.

Àwọn alátakò yóò sọ pé fóltì, áńpíà àti óòmù kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá. Òótọ́ ni, wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Orúkọ ènìyàn ni wọ́n ti wá. Alessandro Volta jẹ́ ará Ítálì, André-Marie Ampère jẹ́ ará Faransé, Georg Simon Ohm sì jẹ́ ará Jámánì. Èdè Jámánì ni Ohm fi kọ ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní Berlin ní ọdún 1827, ọ̀rọ̀ tí ó sì fi pe ìyípo iná nínú àkọlé ìwé náà ni "Kette". Ẹ̀wọ̀n lásán ni ìtumọ̀ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń so ẹran mọ́lẹ̀. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "battery", ọ̀wọ́ àgbá ogun ni ó ń tọ́ka sí kí Benjamin Franklin tó yá a lò fún ohun èlò iná ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ohun tí wọ́n ń pè ní "current", ìṣàn odò ni. Nígbà tí Michael Faraday sì ń wá orúkọ fún àwọn ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò rí wọn nínú èdè rẹ̀. Ó kọ̀wé sí William Whewell, ọ̀mọ̀wé ní Cambridge, ìyẹn sì bá a fa àwọn ọ̀rọ̀ bí "anode" àti "cathode" yọ láti inú èdè Gíríìkì ní ọdún 1834. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò bá ọ̀rọ̀ iná mànàmáná wá láti ọ̀run. Àwọn tí ó ni ín yá ọ̀rọ̀, wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, wọ́n sì fi iṣẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ilé di ọ̀rọ̀ ìmọ̀. Kí ni ó wá dé tí ohun tí wọ́n ṣe láìtijú fi di ẹ̀gàn nígbà tí Yorùbá tàbí Zulu bá ṣe é?

Àwọn kan a tún máa sọ pé èdè Áfíríkà yóò kó ìdàrúdàpọ̀ bá ọmọ. Àṣìṣe tí ó gbajúmọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ ìyípo àsínpọ̀ ni pé ọmọ a máa rò pé gílóòbù àkọ́kọ́ ti jẹ nínú ìṣàn iná, tí èyí tí ó dé ọ̀dọ̀ gílóòbù kejì fi dín. Bí ó bá jẹ́ pé àbùkù èdè Áfíríkà ni ó fa àṣìṣe yìí, kò yẹ kí wọ́n bá a níbi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti inú ilé. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn ọmọ New Zealand ni Roger Osborne ti ṣe ìwádìí tí ó sọ àṣìṣe náà di mímọ̀ káàkiri, láàrin àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni David Shipstone ti ṣe tirẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Àwọn ọmọ tí ó mu Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ọmú ìyá ni ó sọ fún wọn pé ìṣàn iná ń tán lójú ọ̀nà. Kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà wọn ni wọ́n gbọ́: Gẹ̀ẹ́sì náà a máa sọ pé ẹ̀rọ kan ń lo iná tán.

Gbogbo èdè ni ó ní irú pàkúté bẹ́ẹ̀. Yorùbá ń sọ pé fíríìjì ń jẹ iná. Ní Soweto, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń ra iná sínú mítà kí wọ́n tó lò ó, ìyá tí owó rẹ̀ bá tán nínú mítà yóò ní "ugesi uphelile", iná ti tán. Ọ̀rọ̀ náà "ugesi", ara gáàsì ni àwọn Zulu ti yá a, gáàsì tí wọ́n ń fi tan iná kí wáyà tó dé. Ohun tí ó tán nínú mítà ni agbára tí wọ́n fi owó rà, èyí tí wọ́n ń fi kílówáàtì-wákàtí wọ̀n. Nítorí náà, ọmọ tí ó wọ kíláàsì pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé nǹkan kan ń tán kò purọ́. Nǹkan kan tán lóòótọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti bi í pé èwo ni ó tán, ṣé ìṣàn ni tàbí agbára tí ìṣàn náà gbé dání. Inú èdè tí ọmọ fi gbọ́ "uphelile" lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni ìbéèrè yẹn ti lè wọ̀ ọ́ lára. Bí wọ́n bá fún un ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan há sórí, yóò há a sórí, yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, ìgbàgbọ́ rẹ̀ àtijọ́ yóò sì wà níbẹ̀ digbí láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án.

Wọ́n tún máa ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà "amandla". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni Zulu fi ń pe ipá, okun àti àṣẹ, gẹ́gẹ́ bí "agbára" ṣe rí lẹ́nu Yorùbá. Òun náà ni àwọn èrò fi ń kígbe lójú pópó Johannesburg, tí ìdáhùn á sì jẹ́ "Awethu!", tiwa ni. Àwọn alátakò ní èdè tí kò ya ipá sọ́tọ̀ kúrò lára agbára kò lè kọ́ni ní físíìsì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí Hermann von Helmholtz ti rí nǹkan kan kọ́ aráyé. Ìwé rẹ̀ ti ọdún 1847, tí ó jẹ́ òpómúléró nínú ẹ̀kọ́ nípa agbára tí kì í parun, "Kraft" ni ó lò nínú àkọlé rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà tí àwọn ará Jámánì ń lò fún ipá. Faraday pàápàá lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ipá nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn kan náà. Ìlò àti àríyànjiyàn nínú iṣẹ́ ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ níkẹyìn. Èdè kì í dúró kí ó pé tán kí ó tó wọ kíláàsì. Inú kíláàsì ni ó ti ń pé.

Ìtàn Soweto ni wọ́n sábà máa ń fi pa ẹnu ẹni tí ó bá gbèjà èdè abínibí mọ́. Wọ́n á ní ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ó fi èdè abínibí de àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú mọ́lẹ̀ lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ Bantu ti ọdún 1953, kí wọ́n má baà rí iṣẹ́ gidi ṣe. Ìdájọ́ náà tọ́ lórí ìjọba yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀bi èdè kọ́. Ète òfin náà ni oró inú rẹ̀: owó táṣẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ná lórí ọmọ dúdú, kíláàsì tí ó kún àkúnya, àti ẹ̀kọ́ tí wọ́n dín kù kí ọmọ má baà dàgbà ju ìránṣẹ́ lọ. Èdè jẹ́ àwo tí wọ́n fi gbé májèlé kalẹ̀. Ẹni tí ó fọ́ àwo kò tíì da májèlé nù. Àṣẹ tí ìjọba náà pa ní ọdún 1974 sì fi ojú ète wọn hàn kedere. Ìṣirò àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ yóò wà ní Afrikaans. Sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ọwọ́ yóò wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Èdè abínibí yóò wà fún ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, orin àti eré ìdárayá. Ọmọ Soweto tí ó bá fẹ́ mọ ìyípo àsínpọ̀ yóò gbọ́ nípa wáyà àti gílóòbù ní Gẹ̀ẹ́sì, yóò fi Afrikaans pín fóltì sí óòmù, yóò sì fi èdè ìyá rẹ̀ kọrin jáde kúrò ní kíláàsì. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Okúdù ọdún 1976 ni àwọn ọmọ náà jáde sí ìgboro láti kọ̀ ọ́, tí ọlọ́pàá sì yìnbọn fún wọn. Ẹni tí ó bá ń lo ikú wọn láti sọ pé orin àti àdúrà nìkan ni èdè abínibí wà fún, ìpín kẹta àṣẹ ọdún 1974 ni ó ń tún kà jáde láìmọ̀.

Àtakò kan wà tí ó lágbára jù wọ̀nyí lọ, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mamokgethi Phakeng, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìṣirò tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Setati nígbà tí ó tẹ ìwádìí náà jáde, rí i pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Gúúsù Áfíríkà fúnra wọn ni ó ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣirò. Wọ́n mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni kọ́kọ́rọ́ yunifásítì àti iṣẹ́ olówó. Àwọn òbí wọ̀nyí kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ti wo ibi tí ọ̀nà parí sí, wọ́n sì rí i pé bí ọmọ bá mọ iná mànàmáná ní Zulu dé góńgó, Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò yóò fi bi í. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí yìí gan-an ni ó yẹ kí ó la ojú àwọn olùkọ́ èdè. Ètò èdè ìkọ́ni jẹ́ ìyípo àsínpọ̀. Òfin ìjọba, ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ìwé, ìdánwò àti ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́, okùn kan ni ó sín gbogbo wọn. Àwọn aṣòfin ń ṣe é bí ẹni pé ìyípo ẹlẹ́ka ni, bí ẹni pé òfin lè tàn fúnra rẹ̀ bí kò bá sí ìwé, tí ìwé lè tàn bí ìdánwò kò bá sí. Okùn já níbi kan, gbogbo rẹ̀ kú, wọ́n sì yípadà, wọ́n ń bú gílóòbù.

Ẹ̀rí kò jìnnà. Nínú ìwádìí PIRLS ti ọdún 2021, ọmọ 81 nínú 100 ní kíláàsì kẹrin ní Gúúsù Áfíríkà ni kò lè ka ìwé kí ó yé wọn, bẹ́ẹ̀ èdè mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣe ìdánwò náà, tí èdè abínibí wà lára wọn. Àwọn alátakò fò fún ayọ̀ pé èdè abínibí náà kò gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ni ó ti wà lójú ọ̀nà? Àwọn ọmọ náà ti fi ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ ní èdè ilé pẹ̀lú ìwé tí kò tó nǹkan, lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn kò rí ẹni kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi èdè náà kọ́ni ní kíkà. Bátìrì wà, gílóòbù wà, wáyà já láàrin.

Nàìjíríà náà ti fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù Bélú ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Adamu Adamu, sọ ní gbangba pé yóò gba àkókò kí ìwé àti olùkọ́ tó wà. Ní oṣù Bélú ọdún 2025, mínísítà tí ó wà níbẹ̀, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, ó ní àwọn ọmọ ibi tí wọ́n ti fi èdè abínibí kọ́ni ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣejáde àti ti àṣewọlé yunifásítì. Ìṣirò ìdájọ́ náà kò pé. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní ọdún 2023 lábẹ́ ètò náà ṣì wà ní kíláàsì kẹta nígbà tí wọ́n ń kéde pé ó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún àti mẹ́tàdínlógún ń ṣe. Ẹni tí kò tíì so wáyà tán kò lè sọ pé gílóòbù kò dára.

Ibi tí wọ́n ti so wáyà náà tán, ó tàn. Ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní iléèwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò wà lára wọn, láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn ẹ̀kọ́, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ni wọ́n sì fi tì í. Wọ́n kọ́kọ́ kọ ìwé, wọ́n dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń wọn àbájáde bí wọ́n ti ń lọ. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò gbẹ́yìn. Àbájáde yẹn ti wà nínú ìwé láti ọdún 1989. Mínísítà tí ó bá sọ pé kò sí ẹ̀rí, kò wá a ni.

Gúúsù Áfíríkà náà ti tún bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Eastern Cape bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè isiXhosa àti Sesotho kọ́ni ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kọjá kíláàsì kẹta láti ọdún 2012, ìjọba àpapọ̀ sì gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ dé kíláàsì kẹrin káàkiri orílẹ̀-èdè ní ọdún 2025. Ó yẹ ní ìyìn. Ṣùgbọ́n ibi tí okùn yóò ti já ti hàn láti ìsinsìnyí. Gẹ̀ẹ́sì àti Afrikaans ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò àṣejáde físíìsì. Ọmọ tí Afrikaans jẹ́ èdè ìyá rẹ̀ ń fi èdè ìyá rẹ̀ dáhùn ìbéèrè lórí ìyípo àsínpọ̀. Ọmọ tí Zulu jẹ́ èdè ìyá rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sì tọ́ kí àwọn tí ó ń sọ pé èdè ní láti pọ́n kí ó tó gba sáyẹ́ǹsì rántí pé àwọn ọlọ́lá kan fi Afrikaans ṣẹ̀sín nígbà kan pé èdè ilé ìdáná ni. Ní ọdún 1925 ni òfin sọ ọ́ di èdè ìjọba. Owó, ìwé, yunifásítì àti ìdánwò ni ó sọ ọ́ di èdè físíìsì, láàrin ìran méjì péré. Ọ̀nà tí ó tọ̀ kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó burú nínú rẹ̀ ni pé wọ́n fi ipá gbé e lé ọmọ ọlọ́mọ lórí.

Àwọn kan yóò béèrè pé èdè wo ni wọn yóò mú ní Johannesburg, níbi tí Zulu, Sesotho, Setswana, Xhosa, Xitsonga àti Tshivenda ti ń pàdé nínú kíláàsì kan, tí ọmọ àwọn Yorùbá àti ti àwọn ará Congo tí ó wá ṣòwò sì lè jókòó sí ẹ̀yìn. Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbéèrè tuntun. Àwọn iléèwé Soweto ti ń yan èdè kan fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́ láìsí ogun. Jill Adler ti yunifásítì Witwatersrand sì fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2001 bí àwọn olùkọ́ ìṣirò ní orílẹ̀-èdè náà ṣe ń fi èdè púpọ̀ ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì kan, àti ìnira tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ti ń ṣe é. Ìjọba ni ó ń fi ojú fo ohun tí wọ́n ń ṣe, tí wọ́n fi ń ṣe é bí ẹni ń jalè.

Ẹ̀bi kan wà tí ó jẹ́ ti àwọn olùgbèjà èdè fúnra wọn. Láti ọdún 1984, nígbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá, àwọn onímọ̀ èdè ti fi hàn pé wọ́n lè ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ yòówù. Ní Gúúsù Áfíríkà náà, ìjọba ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì jáde ní gbogbo èdè tí òfin mọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n àkójọ ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́. Wáyà tí ó wà nínú àpótí kò tan iná fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀dá nínú àpérò, tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kò bá wọn jókòó nígbà tí wọ́n ń ṣẹ̀dá rẹ̀, tí ọmọ kò sì fi ọwọ́ kan gílóòbù nígbà tí ó ń kọ́ ọ, orí pẹpẹ ni yóò kú sí. Olùkọ́ èdè tí kò tíì sín gílóòbù méjì mọ́ bátìrì rí kò lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tí òun ń polówó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí ẹ̀ka èdè àti ẹ̀ka físíìsì jókòó sídìí tábìlì kan náà, pẹ̀lú bátìrì, wáyà àti ọmọ iléèwé níwájú wọn.

Àwọn ará ìgboro kò dúró dè wọ́n. Ní Johannesburg, àwọn tí ń jí iná fà láti ara òpó ni wọ́n ń pè ní "izinyoka", ejò. Ẹni tí ó bá rí wáyà ìhòòhò bí ó ṣe nà gbọọrọ sílẹ̀ láàrin àwọn ilé páànù mọ ìdí tí orúkọ náà fi bá a mu. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ a máa pa ọmọdé tí ó bá tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ àìní ni ó fà á, ìjọba ni ó sì yẹ kí ó dáhùn fún àìní náà. Ṣùgbọ́n ikú inú wáyà náà rọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ìyípo àsínpọ̀ gan-an: ibi tí wọ́n ti fa iná láìsín fíúùsì mọ́ ọn, kò sí ohun tí yóò já nígbà tí ìṣàn bá pọ̀ jù. Òfin yìí, tí ọmọ ọdún mẹ́tàlá lè fi bátìrì mẹ́rin rí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, kò yẹ kí ó wà lábẹ́ àgádágodo èdè tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́. Ìyá náà ni ó ń so wáyà nínú ilé. Ohun tí ọmọ kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí kò lè sọ nílé, kò lè gba ẹnikẹ́ni là níbẹ̀.

Bí wọ́n bá tún ń béèrè ní ọjọ́ mìíràn pé ta ni yóò fi Yorùbá tàbí Zulu ṣàlàyé bí iná ṣe ń rìn nínú wáyà, kí wọ́n bi àwọn tí ó mú okùn lọ́wọ́: ta ni yóò tẹ ìwé, ta ni yóò dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, ta ni yóò kọ ìbéèrè ìdánwò? Ìlẹ̀kẹ̀ kò wọ́n. Okùn ni kò tíì dé òpin.